Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Kíkọ́: Erùpẹ̀ Ilẹ̀ Wa Àti Ohun Èlò Àlòkù Ní Ìkòròdú

Láàárín àwọn lẹ́tà tí ó wọlé sí ojú ìwé yìí lóṣù yìí, àwọn tí ó wá láti Ìkòròdú àti àwọn ìlú tí ó yí i ká ló pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń bi wá: báwo ni ènìyàn ṣe lè kọ́ ilé tí kò ní ba àyíká jẹ́, nípa lílo erùpẹ̀ ilẹ̀ wa àti àwọn ohun èlò tí a ti lò rí? Mo yan márùn-ún nínú wọn. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹ lè mọ ojú tí mo fi wo gbogbo ìbéèrè náà. Ohunkóhun tí ó bá ń ru ẹrù ilé, ìyẹn ìpìlẹ̀, òpó, bíìmù àti dẹ́kì, kì í ṣe ibi tí a ti ń dán àlòkù wò. Àwọn ibi tí ó kù nínú ilé, tí wọ́n sì pọ̀ gan-an, ni kí a ti lo àlòkù pẹ̀lú ọgbọ́n, kí a sì kó owó tí a bá dín kù níbẹ̀ lọ ra irin gidi fún òpó.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe. Mo ra ìdajì pulọ́ọ̀tì sí Ìgbógbó, mo sì fẹ́ kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta sí i. Àbúrò mi tó wà ní òkè òkun ní kí n fi búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀ pupa kọ́ ọ, pé kì í ba àyíká jẹ́. Bíríkìlà mi ní ilé ayé àtijọ́ ni ìyẹn, pé òjò ni yóò wó o. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? *Olùkọ́, Ìgbógbó.*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá ilé kíkọ́. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àbúrò yín, ti bíríkìlà yín náà kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ìdí tí àwọn tí ọ̀rọ̀ àyíká ká lára fi ń sọ pé kí a dín sìmẹ́ǹtì kù ni pé òkúta ẹfun ni wọ́n ń sun láti fi ṣe é, nínú iná tí ooru rẹ̀ ń dé nǹkan bí 1,450 lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Kì í ṣe èéfín ohun tí wọ́n fi dá iná náà nìkan ló ń lọ sójú ọ̀run. Òkúta náà fúnra rẹ̀ máa ń tú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì sílẹ̀ bí ó ti ń jóná, èyí tí ó sì ń tú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju ti iná lọ. Bí a bá kó gbogbo irú afẹ́fẹ́ yìí tí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń tú sílẹ̀ lágbàáyé jọ, nǹkan bí 7 sí 8 nínú 100 rẹ̀ ló ń wá láti ọ̀dọ̀ sìmẹ́ǹtì.

Búlọ́ọ̀kù tí àbúrò yín ń sọ kì í ṣe amọ̀ tí àwọn baba wa ń fi ẹsẹ̀ pò. Erùpẹ̀ pupa ni, tí a jọ̀, tí a pò mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, bíi 5 sí 8 nínú 100, tí a sì fi ẹ̀rọ tẹ̀ pọ̀ gidigidi nígbà tí ó ṣì ní ọ̀rinrin lára. A kì í fi iná sun ún. NBRRI, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí nípa ilé àti ọ̀nà, tí ó ní ibi ìwádìí ní Ọ̀tà, ti ń ṣiṣẹ́ lórí búlọ́ọ̀kù yìí àti ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé inú búlọ́ọ̀kù náà gan-an ni gbogbo èrè rẹ̀ wà. Sìmẹ́ǹtì tí ó wà nínú búlọ́ọ̀kù yanrìn tí a bá pò bó ti yẹ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìlọ́po méjì tirẹ̀ lọ. Ibi tí èrè ti pọ̀ ni pé àwọn búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀ wọ̀nyí máa ń wọnú ara wọn bí a ti ń tò wọ́n, nítorí náà sìmẹ́ǹtì tí a fi ń lẹ búlọ́ọ̀kù mọ́ra yóò dín kù púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò pọn dandan kí a rẹ́ ìta ògiri náà, iṣẹ́ tí ó ti sọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn di àṣepatì nítorí àìsí owó.

Erùpẹ̀ pupa pọ̀ ní àwọn òkè Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ kọ́kọ́ ha ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ kúrò, nítorí ewé àti gbòǹgbò tí ó ti jẹrà wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó bu ti ìsàlẹ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ náà sínú ìgò tí ó mọ́ gaara títí yóò fi dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò náà, ẹ da omi sí i kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ẹ fi iyọ̀ bíńtín sí i, ẹ mì ín dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ kíkúnná yóò tẹ̀ lé e, amọ̀ ni yóò sì wà lókè pátápátá. Bí yanrìn bá tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, tí amọ̀ sì wà ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún, erùpẹ̀ náà yóò ṣe é lò. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún yín, kí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó fẹ̀ ní 4, kí ó sì jìn ní 4. Ẹ fi epo pa inú rẹ̀, ẹ rọ erùpẹ̀ tí ẹ ti fi omi pò sínú rẹ̀ kó kún dé etí, ẹ sì gbé e sábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ó bá ti gbẹ, yóò ti sún kì. Ẹ tì í sí ìpẹ̀kun kan, kí ẹ wọn àlàfo tí ó kù. Bí àlàfo náà bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, amọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ògiri yín yóò sì sán. Ẹ fi yanrìn kún un, kí ẹ tún un wò. Bí erùpẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ jáde nínú kòtò sókéwéè yín bá yege nínú àyẹ̀wò méjèèjì, inú mi yóò dùn jù, nítorí pé kò sí tírélà tí yóò jó dísẹ̀lì láti gbé e wá.

Ní ti òjò, ẹ̀rù tí ó ń ba bíríkìlà yín tọ́. Omi tí ó ń ta láti ilẹ̀ àti ọ̀rinrin tí ó ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀ ló ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́, ó ju òjò tí ó ń rọ̀ láti òkè lọ. Nítorí náà, kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù yanrìn ni kí ẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ títí yóò fi ga kúrò nílẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kí ẹ tẹ́ ọ̀rá tí ń dènà ọ̀rinrin lé e, kí búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, bíi sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90. Bí ilẹ̀ yín bá bọ́ sí apá ìsàlẹ̀ tí ó sún mọ́ ọ̀sà, níbi tí omi ti máa ń dúró ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ẹ má lo búlọ́ọ̀kù erùpẹ̀ fún ògiri ìta rárá. Inú ilé nìkan ni kí ẹ ti lò ó. Búlọ́ọ̀kù náà gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a máa wọ́n omi sí i, kí ó sì pé ọjọ́ 28 kí a tó fi mọ ògiri. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ lò ó lọ́jọ́ kẹta, ẹ má gbà fún un. Àwòrán tí ẹ ó fi gba àṣẹ ìkọ́lé sì gbọ́dọ̀ sọ irú búlọ́ọ̀kù tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹnjiníà lè ṣírò rẹ̀ mọ́ òpó àti bíìmù.

Ìbéèrè: Búlọ́ọ̀kù ni mò ń ṣe tà ní Ìmọ̀tà, a kò sì jìnnà sí ilé-iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba. Mo gbọ́ pé eérú ìyàngbò ìrẹsì lè rọ́pò sìmẹ́ǹtì. Ṣé mo lè máa sun ìyàngbò nínú àgbá lẹ́yìnkùlé, kí n sì máa pò ó mọ́ búlọ́ọ̀kù mi? *Oníbúlọ́ọ̀kù, Ìmọ̀tà.*

Ìdáhùn: Àbúrò wa, ẹ káre fún ìrònú yìí. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ilé-iṣẹ́ náà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni mo ti ń retí pé kí ẹnìkan bi wá ní ìbéèrè yìí, nítorí ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ láti máa ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan kò lè ṣe aláìní ìyàngbò rẹpẹtẹ. Nínú kílò 100 ìrẹsì tí a kò tíì bó, nǹkan bíi kílò 20 ni ìyàngbò. Bí a bá sì sun kílò 20 náà, nǹkan bíi kílò 4 eérú ni yóò kù.

Èyí tí ó pọ̀ jù nínú eérú náà ni wọ́n ń pè ní sílíkà. Nígbà tí sìmẹ́ǹtì bá ń gan, ó máa ń tú ẹfun kan jáde tí kò fi bẹ́ẹ̀ kún agbára rẹ̀. Sílíkà inú eérú yìí ni yóò dara pọ̀ mọ́ ẹfun náà tí àwọn méjèèjì yóò fi di ohun líle. Ẹ rí i báyìí pé eérú kò lè rọ́pò sìmẹ́ǹtì tán, nítorí bí kò bá sí sìmẹ́ǹtì níbẹ̀, kò sí ohun tí eérú yóò bá ṣe pọ̀. Ó lè gba àyè díẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Àgbá tí ẹ sọ ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí ooru bá ju nǹkan bí 700 lọ lórí ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, sílíkà náà yóò yí padà, kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́, eruku rẹ̀ yóò sì di ewu fún ẹ̀dọ̀fóró yín àti ti àwọn ọmọṣẹ́ yín. Bí ooru kò bá sì tó, eérú náà yóò dúdú, èédú ló pọ̀ nínú rẹ̀ nìyẹn. Eérú tí ó dára máa ń funfun díẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná. Ààrò tí a lè ṣàkóso ooru rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́, níbi tí èéfín kò ti ní wọ ilé aládùúgbò. Ẹgbẹ́ àwọn oníbúlọ́ọ̀kù bíi mélòó kan lè dáwó jọ ṣe é.

Bí ẹ bá ti rí eérú gidi, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí 10 nínú 100 sìmẹ́ǹtì tí ẹ ń lò. Ẹ ṣe búlọ́ọ̀kù tí ó ní eérú àti èyí tí kò ní i lọ́jọ́ kan náà, ẹ tọ́jú méjèèjì fún ọjọ́ 28, nítorí eérú máa ń fa gígan rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì kó wọn lọ sí Lagos State Materials Testing Laboratory kí wọ́n tẹ̀ wọ́n fọ́ lórí ẹ̀rọ. Kí àbájáde tó jáde, ẹ má ta ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè: Ẹbí wa fẹ́ wó ilé bàbá wa àgbà ní ìgboro Ìkòròdú kí a lè kọ́ tuntun. Ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ jẹ́ ìrókò, òrùlé rẹ̀ nípọn, ó sì ní àwọ̀ eérú. Àwọn oníkọ̀ńdẹ́mù ti ń wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ni kí a mú, kí ni kí a jọ̀wọ́ rẹ̀? *Dáwódù ẹbí, Ìkòròdú.*

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òrùlé, nítorí ibẹ̀ ni ewu wà. Ó ṣeé ṣe gan-an kí òrùlé nípọn aláwọ̀ eérú yẹn jẹ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì, èyí tí wọ́n lò púpọ̀ fún òrùlé àti sílíìnì nílẹ̀ yìí láyé ìjọ́un. Bí ó bá wà ní odidi lókè, kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ, tàbí tí wọ́n gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ ni fọ́nrán tíntìntín inú rẹ̀, tí ojú kò lè rí, máa ń gba imú wọ ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò sì jókòó síbẹ̀. Ó lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn tó yọjú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé gbogbo irú asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń fa jẹjẹrẹ. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí katakata rọ́ lu ilé náà kí òrùlé tó kúrò. Ẹ fi omi rin ín, ẹ tú u ní odidi, kí àwọn tí ń tú u fi ìbòmú gidi bo imú, kì í ṣe aṣọ lásán, ẹ fi ọ̀rá nípọn dì í ní ìlọ́po méjì, kí ẹ sì fi tó LASEPA, àjọ tí ó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, létí láti mọ ibi tí ẹ ó kó o sí. Ẹ má tà á, ẹ má sì fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ fún ilé adìyẹ. Bí ọ̀rọ̀ mi bá pọ̀ jù lórí èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì mí. Ọmọ kékeré ló máa ń ṣeré nínú àlàpà ilé tí a bá wó.

Igi ìrókò yín jẹ́ ìṣúra. Ìrókò tí ó ti dàgbà kò pọ̀ mọ́ nínú igbó wa, ikán kì í sì í fẹ́ ẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ gún ìsàlẹ̀ férémù kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti kọ́kọ́ ń dé. Bí ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, ẹ gé ibẹ̀ sọnù. Ẹ yọ gbogbo ìṣó. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀dà àtijọ́ tí ó wà lára wọn, torí pé òjé máa ń wà nínú ọ̀dà ayé ọjọ́un, òjé sì ń ba ọpọlọ àwọn ọmọdé jẹ́: ẹ fi omi rin ín bí ẹ bá ń fá a, kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Igi tí ẹ bá tún nílò kún un, ẹ lè rí i ní Agbówà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè igi tíìkì tí wọ́n gbìn kí ẹ tó béèrè èyí tí wọ́n gé nínú igbó.

Àfọ́kù ògiri àti kọnkéré àtijọ́ dára fún fífi kún ìsàlẹ̀ ilẹ̀ yàrá, bí ẹ bá ti fọ́ wọn wẹ́wẹ́, tí ẹ sì ṣa gbogbo ègé igi kúrò nínú wọn, nítorí igi tí a bá sin sábẹ́ ilé ni yóò ránṣẹ́ pe ikán. Wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú kọnkéré òpó. Fún òrùlé tuntun, alumíníọ̀mù ni n ó yàn ní ìlú tí ó wà létí ọ̀sà bíi Ìkòròdú: kì í dípẹtà bíi páànù onírin, ọjọ́ tí ẹ kò bá sì fẹ́ ẹ mọ́, ẹ ó rí ẹni rà á, nítorí agbára iná tí wọ́n fi ń yọ́ alumíníọ̀mù àlòkù kò ju nǹkan bíi 5 nínú 100 èyí tí wọ́n fi ń ṣe tuntun lọ.

Ìbéèrè: Wọ́n ń ta irin tí wọ́n yọ nínú ilé tí wọ́n wó, tí wọ́n sì ti nà á tọ́, ní ìdajì owó. Ṣé kì í ṣe àtúnlò ni ìyẹn náà? *Awakọ̀, Odogúnyàn.*

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ má rà á. Irin tí a ti tẹ̀ tí a sì tún nà máa ń ní ìsán wẹ́wẹ́ nínú, ibi tí ó ti dípẹtà sì ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé àtúnlò ni irin tuntun tí ó wà lọ́jà náà. Irin kọ̀ńdẹ́mù ni àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń yọ́ irin ní orílẹ̀-èdè wa ń lò jù, títí kan àwọn tí ó wà ní agbègbè yín. Nínú iná ìléru ni a ti ń tún irin lò, kì í ṣe lórí òkúta tí wọ́n fi òòlù lù ú tọ́ létí títì. Àmì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é gbọ́dọ̀ wà lára irin tí ẹ bá rà. Ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n pẹ̀lú: irin mílímítà 12 tí ó gùn ní mítà 12 yẹ kí ó wọn nǹkan bíi kílò 10.6, ti mílímítà 16 sì yẹ kí ó tó nǹkan bíi kílò 19. Bí ó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n ti dín in kù nìyẹn, ẹ dá a padà.

Ìbéèrè: Ìgò ike àti ọ̀rá omi kún etí omi wa ní Báyékù. Àwa ọ̀dọ́ fẹ́ fi kọ́ yàrá ìpàdé kan, kí a sì yọ́ ọ̀rá ṣe òkúta ìtẹ́lẹ̀ síwájú rẹ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe? *Akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, Báyékù.*

Ìdáhùn: Ti ìgò ṣeé ṣe. Ní ọdún 2011, wọ́n fi ìgò ike tí wọ́n rọ yanrìn kún kọ́ ilé ní abúlé Yelwa ní ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ẹ rọ ọ́ kún pinpin, ẹ dé e, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú sínú amọ̀, kí ẹ fi okùn so ọrùn wọn pọ̀ mọ́ra. Òpó kọnkéré ni kí ó gbé òrùlé. Ẹ gbọ́dọ̀ rẹ́ ògiri náà nínú àti níta, nítorí oòrùn máa ń jẹ ike títí yóò fi rún. Iṣẹ́ náà gba ọwọ́ púpọ̀, èyí tí ẹ̀yin ní. Ilé ilẹ̀ nìkan ni mo fọwọ́ sí.

Ti yíyọ́ ọ̀rá ni kí ẹ dá dúró ná. Ọ̀rá omi ṣeé yọ́ pọ̀ mọ́ yanrìn, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀rọ tí ó bo ooru mọ́ra tí kì í jẹ́ kí ọ̀rá jóná, kì í ṣe nínú ìkòkò lórí iná ìta. Páìpù omi funfun kò gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ láé, èéfín májèlé ni yóò yọ. Títí ẹ ó fi rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ fọ ọ̀rá náà, ẹ dì í, kí ẹ tà á fún àwọn tí ń tún un ṣe.

Erùpẹ̀ lásán ti tó láti rọ sínú ìgò, ẹ kò ní láti wa yanrìn ọ̀sà nítorí rẹ̀. Ní ti kọnkéré òpó, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé omi ọ̀sà yín máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ sì ń jẹ irin nínú kọnkéré. Ẹ fi omi kànga fọ yanrìn tí ẹ bá wà nígbà náà dáadáa, tàbí kí ẹ ra ti odò tí kò níyọ̀.